Ọdún Mẹ́jọ Tí Mo Fi Wọn Ohùn Fèrè Alápò

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Àwọn bàbá tí a jọ ń kírun ní Country Club Hills máa ń lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó jókòó sọ ìtàn ẹ̀. Èmi ò ní sùúrù yẹn. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe tèmi, mo sì ṣe é yanjú. Ní gbogbo Chicago yìí, láti Oak Park títí dé gúúsù lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ wá ọmọ Yorùbá míì tó lè dúró sẹ́yìn ọgbà, kó gbọ́ fèrè alápò, kó sì sọ nọ́ńbà ohùn ẹ̀ fún yín. Ẹ wá a dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ pè mí.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ń bi lójoojúmọ́ pé ṣé nọ́ọ̀sì lẹ máa ṣe ni àbí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ láyé ju méjì yẹn lọ.

Ẹ mọ fèrè alápò. Òun ni àwọn òyìnbó tó ń wọ yẹ̀rì máa ń há sábẹ́ apá, tí wọ́n ń fun kiri títì lóṣù Mááṣì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa odò àárín ìlú láró àwọ̀ ewé. Àpò kan ló wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀. Ọ̀pá mẹ́ta dúró léjìká, wọ́n ń hùn ohùn kan ṣoṣo láìsinmi, bí oyin inú ihò igi. Ìkan tún wà nísàlẹ̀ tí ọmọ ìka ń jó lórí ihò ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ṣáńtà. Inú ṣáńtà ni orin ti ń jáde. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ṣáńtà ò dúró sójú kan. Oòrùn á mú, ohùn ẹ̀ á gòkè. Òtútù á dé, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀. Bí èèyàn mẹ́rìnlá bá wá ń fun ún pọ̀, tí ohùn wọn ò dọ́gba, tàbí tí ọ̀pá èjìká ò bá ṣáńtà mu, ariwo tó máa jáde níbẹ̀, ajá àdúgbò á sá wọlé.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wọn ohùn ló máa yí ká pẹ̀lú mítà, tó máa ka nọ́ńbà ohùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn náà gbọ̀n láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. 478. 480. Òun ló máa sọ pé, ìwọ, ti rídì, esùsú tó ń dún lẹ́nu ṣáńtà ẹ, wọlé díẹ̀; ìwọ, lẹ téèpù mọ́ ojú ihò yẹn; ìwọ, fa ọ̀pá èjìká ẹ kó gùn sí i. Báńdì tó bá kọ etí ikún sí i, ojú á tì í níwájú àwọn adájọ́ ìdíje.

Bí mo ṣe débẹ̀? Ilé ìwé ló sú mi. Ó kù díẹ̀ kí n parí ni mo jáde, mi ò lè jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́fà. Màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, wọ́n sì ní wọn ò lè fi èmi nìkan sílẹ̀ nílé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní kí n máa wa àwọn lọ síbi iṣẹ́ ní Homewood, nílé bàbá kan tí ò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ìyàwó bàbá yẹn ni Màmá Mòrágì. Owó tí wọ́n padà ń san fún mi? Wọ́n ń san. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Scotland ni wọ́n bí Màmá Mòrágì sí. Wọ́n kéré, wọ́n gbẹ, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì ki bí ẹ̀kọ tí ò lómi. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti ń wọn ohùn fún àwọn báńdì àgbègbè yìí. Èmi ò mọ ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo jókòó sí kíṣìnì wọn, mò ń tẹ fóònù, wọ́n wọlé, wọ́n wò mí.

"Ìwọ. Kí ni fìríìjì yẹn ń sọ?"

"Fìríìjì kì í sọ̀rọ̀, mà."

"Gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ ọ. "Ó ń ṣe hùùùn, mà."

"Hùn ún fún mi."

Mo wo ọ̀nà yàrá tí màmá mi wà, bóyá wọ́n máa gbà mí sílẹ̀. Wọn ò yọjú. Mo hùn.

"O wálẹ̀ jù. Gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ ni mo ní! Padà."

Mò ń gbé e sókè, mò ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ohùn èmi àti ti fìríìjì ń jà, ó ń ṣe wùù-wùù-wùù, wùù, wùùù, títí tí ìjà náà fi parí lójijì. Ohùn méjèèjì di ọ̀kan. Agbárí mi gbọ̀n. Màmá Mòrágì ò ní mo ṣe dáadáa, wọ́n kàn jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo tún hùn ún. Ohun tó mú mi nìyẹn. Kì í ṣe ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n máa gbé mítà fún mi. Hà! Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń wé òwú tí wọ́n fi ìda pa mọ́ ìdí ọ̀pá fèrè kí atẹ́gùn má baà jò níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà! Tó bá nípọn jù, wọ́n á tú gbogbo ẹ̀. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, wọ́n á tú u. Tó bá dáa, wọ́n á tú u, wọ́n á ní kí n tún un ṣe kí àwọn mọ̀ pé kì í ṣe èèṣì.

Ọjọ́ kan ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Màmá, fóònù mi yìí lè ka nọ́ńbà yẹn báyìí-báyìí. Kí la ń fi òwú ṣe?"

Wọ́n ní, "Fóònù ẹ á kà á. Ta ló máa mọ̀ bóyá ó kà á dáadáa?"

"Òun náà ló máa mọ̀."

"Ó dáa. Tan án. Má jẹ́ kí n rí i."

Wọ́n fun ṣáńtà kan, wọ́n dijú, wọ́n ní, "474." Mo wo fóònù mi. 474. Wọ́n mú òmíì. "477." 477 ni. Mo gbọn fóònù náà wò bóyá ó ti bà jẹ́. Ohun tí àgbà rí níjòókòó, ọmọdé gun orí igi, kò rí i. Èmi tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ dání, mi ò rí i. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ ètò iṣẹ́ wọn: etí ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mítà ló máa jẹ́rìí. Èèyàn ò sì gbọdọ̀ sọ pé "ó máa tó bíi 480." Bí mo bá ti sọ "bíi," wọ́n á ní kí n jáde síta, kí n lọ fi "bíi" náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó padà wọlé. Nínú òtútù Chicago o, láìwọ kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fìríìjì yẹn tán. Tí a bá fẹ́ wọn ohùn ọ̀pá èjìká, a máa ń yọ fìríìjì nídìí iná torí ohùn ẹ̀ máa ń ko ti fèrè lójú. Iṣẹ́ mi ni kí n yọ ọ́, iṣẹ́ mi ni kí n dá a padà. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo yọ ọ́, a wọn ohùn, ohùn náà dùn, inú mi dùn, mo wa màmá mi lọ sílé. Ọjọ́ Mọ́ńdè la padà wá; tíì ni Màmá Mòrágì ń mu látìgbà náà, wọn ò ṣí i. Ẹran ewúrẹ́ màmá mi wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n rà sílẹ̀ nítorí Iléyá, torí fìríìjì tiwa nílé ti kún. Láti ẹnu ọ̀nà la ti ń gbóòórùn ẹ̀.

"Fáwàsì! Ta ló yọ fìríìjì yìí?"

"Ohùn ẹ̀ ń dí wa lọ́wọ́ ni, mà."

"Ohùn ta?"

"Ohùn fìríìjì, mà."

Màmá mi káwọ́ lérí. "Ó dáa náà. Èmi ni mo bí èyí? Ṣé wọn ò pààrọ̀ ẹ̀ fún mi nílé ìwòsàn?"

Màmá Mòrágì yọjú láti yàrá. Wọ́n fi ọwọ́ dímú, wọ́n ní, "Nọ́ńbà wo la rí lọ́jọ́ náà?"

"476, mà."

"Kò ṣòfò, nígbà náà."

Màmá mi wo àwa méjèèjì, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́. Nígbà tí bàbá tó wà lórí ibùsùn kọjá lọ ní ọdún kejì, tí iṣẹ́ màmá mi parí níbẹ̀, wọn ò jáwọ́ nínú lílọ síbẹ̀. Èmi náà ò jáwọ́.

Ohun èlò wa yí padà lójú mi. Nígbà tí mo dé, àpótí kan wà tí iná ń yí nínú ẹ̀, ó wúwo bí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èmi ni mò ń gbé e. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mítà ọlọ́wọ́ dé. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Màmá gbà kí n máa lo fóònù, lẹ́yìn ọdún kan tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n. Nísinsìnyí, olúkúlùkù afunfèrè ti ní ẹ̀rọ kékeré tó há mọ́ fèrè ẹ̀. Iná á pọ́n tí ohùn bá ṣìnà, á di àwọ̀ ewé tó bá tọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yẹn ò mọ nọ́ńbà tó yẹ fún ọjọ́ òní, nínú afẹ́fẹ́ yìí, lórí pápá yìí. Nọ́ńbà tí o bá fún un ló ń tẹ̀ lé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà náà. Màmá ní ìwé àkọsílẹ̀ tó kún pẹpẹ kan: oòrùn bí ó ṣe rí, atẹ́gùn bí ó ṣe fẹ́, nọ́ńbà tí báńdì dún. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ní fóònù tó ju tiwọn lọ. Àkísà yẹn ni mi ò ní.

Ní báyìí, ọjọ́ burúkú náà. Gbogbo ẹni tó bá sọ ìtàn iṣẹ́ ẹ̀ tí ò sọ ọjọ́ burúkú, ẹ má gbà á gbọ́.

Báńdì kan wà tó jẹ́ pé tiwa ni, Oak Park ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Dẹ́kílánì ni ọ̀gá wọn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ohùn ẹ̀ sì ń dé òpópónà kejì láìfun fèrè. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀ nínú ìdíje. Ọdún yẹn, tí wọ́n bá lè ṣe ipò kìíní tàbí ìkejì lórí pápá, wọ́n máa gòkè. Gbogbo wọn ló ti gbára lé etí Màmá Mòrágì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó lọ gbé Màmá, màmá mi ti bá mi jà nínú mọ́tò. Àná ẹ̀ ni mo já Àlàájì kan nírọ́ lójú èèyàn nítorí háíwéè tó ní ká gbà.

"Ẹnu ẹ yìí, Fáwàsì! Ẹnu ẹ yìí!"

"Mà, wọ́n ti dí ọ̀nà yẹn. Mo rí i lórí fóònù."

"Kí wọ́n dí i! Àgbà kì í ṣìnà níwájú èèyàn. Tó bá dé ìdí ẹ̀, òun náà á rí i pé wọ́n ti dí i."

"Gbogbo wa la jọ wà nínú mọ́tò náà, mà."

"Gbogbo wa á jọ ṣẹ́rí padà! Ṣé o gbọ́ mi?"

Mo gbọ́. Ó ká mi lára pẹ̀lú, torí mo mọ̀ pé òtítọ́ ni: ẹnu mi kì í dákẹ́.

A dé pápá, oòrùn ń jó wa. Mo yí ká: 482 lọ́dọ̀ gbogbo wọn, ó ń dán bí abẹ fífẹ́lẹ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n pè wá, ìkùukùu bo oòrùn, atẹ́gùn adágún odò já wọlé, irú èyí tí ẹ mọ̀, tí èèyàn á ti máa wá súwẹ́tà lóṣù Júláì. Mo tún yí ká kíá. Gbogbo ṣáńtà ti wálẹ̀. 478. Mo padà sọ́dọ̀ Màmá kí wọ́n gbọ́ tiwọn, kí n lè jẹ́rìí. Wọ́n ní kí Dẹ́kílánì fun. Wọ́n dijú.

"482 náà ni," wọ́n ní. "Kò kúrò. Ẹ lọ fi àwọn ọ̀pá èjìká bá a mu."

Mo wo mítà. 478. Mo wo Màmá. Èèyàn mẹ́rìnlá ló dúró yí wa ká. Láti ọdún mẹ́rin, wọn ò tíì ṣìṣe ju ẹyọ kan lọ. Mo ní nínú ara mi, ta ni ọ́? Àwọn tó ti ń wọn ohùn kí wọ́n tó bí ẹ, ìwọ lo fẹ́ já wọn nírọ́ lójú gbogbo báńdì? Ọ̀rọ̀ màmá mi ṣì gbóná létí mi. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ọjọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ló dákẹ́. Mo yí ká, mo ti ọ̀pá èjìká gbogbo wọn sí 482. Dẹ́kílánì dijú kan bí ẹni tí eyín ń dùn, ó wo Màmá, Màmá fi orí sọ fún un pé ó dáa, ó gbà.

Wọ́n wọ pápá. Ẹ̀yin ará mi, mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Wùù-wùù-wùù, ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Lórí ìwé ìdájọ́, adájọ́ kan kọ ọ́ pé ó jọ pé ìlú ọ̀tọ̀ ni ṣáńtà wọn ti wá, ìlú ọ̀tọ̀ ni ọ̀pá èjìká. Ipò ìkẹyìn la ṣe.

Ní ibi tí a páàkì mọ́tò sí, Dẹ́kílánì dé bá wa, ojú ẹ̀ pọ́n. "Ta ló fọwọ́ kan àwọn ọ̀pá wa?"

Mo ní, "Èmi ni. Ẹ má bínú. Mo ṣì í kà." Ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe nìyẹn, kó bo àgbà láṣọ.

Màmá Mòrágì yíjú sí mi. "Nọ́ńbà wo lo kà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó mítà sínú àpò.

"Fáwàsì. Kí lo kà?"

"478, mà."

"Kí n tó sọ̀rọ̀ ni àbí lẹ́yìn ẹ̀?"

"Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, mà."

"O kà á, o gbọ́ tèmi, o sì lọ ṣe é."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, mà. Àgbà ni yín."

Wọ́n sún mọ́ mi. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò tíì rí mi fín báyìí rí. Mo ń rìn níhòòhò láàárín pápá, o rí mi, o ń kí mi 'ẹ kú ìrìn'!"

Mo rò pé mo pọ́n wọn lé ni. Wọ́n yíjú sí Dẹ́kílánì, àwọn yòókù ti ń kó jọ. "Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Etí mi ni. Etí òsì ti kú látìgbà òtútù. Mo mọ̀, mo fi pa mọ́, mo rò pé ọ̀tún á gbé e. Èmi ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ kùnà." Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo iwájú.

Mo dé ilé, mo kó gbogbo ẹ̀ rò fún màmá mi. Mo rò pé wọ́n á ní mo káre. Wọ́n fi igbá ìrẹsì sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí. Mo ní kí o má já àgbà nírọ́ lójú èèyàn. Ṣé mo ní kí o máa wò ó kó jìn sí kòtò?"

"Mà, báwo wá ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹnu mi ni. Tí mo bá dákẹ́, mo tún jẹ̀bi!"

"Ṣé o ò ní ẹ̀yìn ni? Tẹ ẹ̀yìn ba. Tí bàbá mi bá sọ ohun tí ò rí bẹ́ẹ̀ láwùjọ, mo máa ń lọ kúnlẹ̀ síwájú wọn ni, mi ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á ní, 'Ẹ jẹ́ kí n tún un rò.' Kò sẹ́ni tó mọ̀ láàárín gbogbo wọn."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tẹ̀ lé mi dé Homewood. Màmá Mòrágì ti kó mítà sínú páálí, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán. Màmá mi jókòó tì wọ́n, wọ́n ṣàlàyé. Màmá Mòrágì gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ fi hàn mí." Màmá mi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀. Màmá Mòrágì wò wá, wọ́n ní, "Kò burú. Ó yá kíá ju sísọ lọ." Wọ́n ṣí páálí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n á dijú, wọ́n á pe nọ́ńbà. Tó bá tọ́, mo dúró. Tí ò bá tọ́, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kan koríko, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́," mo fi ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò júwe iye ẹ̀ fún wọn. Lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ; lọ́wọ́ tiwọn, ti àgbà ò wọ kèrègbè. Èmi lè kà á, ṣùgbọ́n àwọn ló mọ ohun tí a máa fi ṣe: kí a dúró kí oòrùn padà ni, kí a lẹ téèpù ni, kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n fun ún gbóná. Àwọn afunfèrè fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ilé mi. Dẹ́kílánì á máa sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ pé, "Ẹ wo Fáwàsì! Ẹ wo bó ṣe ń kí àgbà!" Ọjọ́ kan tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, ó béèrè bóyá ọjọ́ ìbí Màmá ni.

Kí ló dé tí mo fi fẹ̀yìn tì? Etí ọ̀tún náà ti ń lọ. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ju bí mo ṣe ń dúró lọ, Màmá sì sọ fún mi nínú mọ́tò pé ìdíje kan ló kù, lẹ́yìn ẹ̀ ó tó gẹ́ẹ́. Báńdì ní kí èmi dúró. Mo ní rárá. Mo mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wọn lọ, mi ò fi bò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èèyàn méjì ni mo kọ́, mi ò kọ́ ti ẹnì kan. Mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù báyìí, mo sì padà lọ ń parí ìwé mi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá mi ní òun ò rí irú mi rí: kí wọ́n tó tú ẹ̀rọ, mo ti sọ fún wọn ibi tó ti ń kú. Màmá Mòrágì ṣì wà ní Homewood, ara wọn le. Màmá mi ń lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó, ìkan ò gbọ́ràn, èkejì ò dákẹ́.

Ìdíje ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ sọ kí n tó jókòó. Ìgbà ooru tó kọjá ni. Ipò ìkejì la ṣe, wọ́n sì gòkè, ẹ ti lè gbàgbé ìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó wọ pápá ni.

Gbogbo báńdì ti gbọ́ pé ọjọ́ ìkẹyìn Màmá ni. Dẹ́kílánì ra òdòdó. Gbogbo wọn tò yí ká, wọ́n tan ẹ̀rọ kékeré wọn, wọ́n ń dúró de nọ́ńbà tí wọ́n máa fún un. Màmá dijú. Ọ̀kan nínú wọn fun.

"480," wọ́n ní. Orí wọn gbé sókè bí ti ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.

Mo wo mítà. 477.

Ẹ gbọ́, mo rò ó. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo lè yí ká, kí n máa sọ ọ́ sétí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé 477 ni kí wọ́n fi sí i, kí báńdì dún dáadáa, kí Màmá sì lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé nọ́ńbà àwọn tó kẹ́yìn tọ́. Wọn ò ní gbọ́ ìyàtọ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àánú wọn ṣe mí.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìka kan koríko, mo sì wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn lókè orí mi.

"Mélòó?" wọ́n ní. Sókè, létí gbogbo èèyàn. Wọn ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

"477, mà."

"477 ni o!" wọ́n sọ fún báńdì. "Ẹ pa tèmi rẹ́. Ẹ sì wò ó, nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá rí ọmọ yìí tó tẹ̀ ba báyìí, ó ń sọ fún mi pé mo ṣìṣe ni. Ọdún mẹ́rin rèé."

Ẹ̀rín bú láàárín wọn, ẹnì kan tẹ àpò ẹ̀ mọ́ra, fèrè ẹ̀ hó lójijì. Dẹ́kílánì la ẹnu sílẹ̀ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́.

"Gbogbo ọdún yẹn! Èmi rò pé ó ń kí yín ni!"

Màmá nawọ́ sí mi, wọ́n fà mí dìde.

"Ó ń kí mi ni," wọ́n ní.